Kí Ìtọ̀ Tó Ń Jò Má Lé Àwọn Ọmọbìnrin Wa Kúrò Lórí Pápá

Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ìtìjú. Ẹ má bínú, ẹ gbọ́ mi dópin.

Gbogbo wa la fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin wa máa ṣeré ìdárayá. À ń ra bọ́ọ̀lù, à ń dá owó jẹ́sì. Ṣùgbọ́n tí ọmọ kan bá dédé ní òun ò ṣe mọ́, ohun tá a máa ń sọ ni pé ó ti ya ọ̀lẹ, tàbí pé ọkùnrin ti wọ̀ ọ́ lójú. A kì í bi í bóyá ìtọ̀ ló ń jò sí i lára nígbà tó bá fò.

Àwa kan rò pé abiyamọ àti ìyá àgbà nìkan nirú ẹ̀ ń ṣe. Rárá o. Ní 1994, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí 144 ọmọbìnrin tó ń ṣeré fún ilé ẹ̀kọ́ gíga wọn. Ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí 20 ọdún, kò sì sí èyí tó tíì bímọ nínú wọn. Síbẹ̀, 28 nínú 100 ló ní ìtọ̀ máa ń jò nígbà tí òun bá ń ṣeré. Láàárín àwọn tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì, ó tó méjì nínú mẹ́ta. Láàárín àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù, tí kì í fò, kò sí ẹyọ kan.

Kí ló fà á? Iṣan kan wà ní ìsàlẹ̀ ìbàdí, tó tẹ́ bí ẹní láti iwájú dé ìdí. Òun ló gbé àpò ìtọ̀, ilé ọmọ àti ìfun ró. Tí èèyàn bá fò tó balẹ̀, gbogbo ìwúwo inú á rọ́ wá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí iṣan yẹn ò bá tètè fún, tàbí tó ti rẹ̀ ẹ́, ìtọ̀ díẹ̀ á jò. Ẹ wo kẹ́ẹ̀gì omi tí wọn ò dé dáadáa. Tẹ́ ẹ bá gbé e jẹ́jẹ́, ó lè má dà. Ẹ wá gbé e sórí ọ̀kadà kó gba inú kòtò, ẹ máa rí i. Torí náà, kì í ṣe èpè, kì í ṣe ìṣekúṣe, ọmọ náà ò sì í ṣe ọ̀bùn.

Ohun tí àwọn míì ń ṣe láti fi bò ó ni pé wọn ò ní mu omi kí wọ́n tó wá ṣeré. Ìyẹn ò dáa rárá. Nínú oòrùn wa yìí, òòyì lè kọ́ ọmọ lórí pápá, ìtọ̀ tó ki á tún máa yọ àpò ìtọ̀ lẹ́nu.

Ó ní ìtọ́jú. Dókítà Arnold Kegel ní Amẹ́ríkà kọ̀wé lórí eré ìmárale iṣan yìí ní 1948, òun náà ni wọ́n ṣì fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú títí dòní. Fún iṣan náà bí ẹni tó ń mú ìtọ̀ àti ìsó mọ́ra. Má fún itan tàbí ìdí, má sì dá èémí dúró. Mú un fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kó o tú u sílẹ̀ pátápátá. Ṣe é ní ìgbà 8, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Má ṣe fi ìgbà tó o bá ń tọ̀ lọ́wọ́ ṣe é. Tí ò bá lọ, lọ rí àwọn físíò. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Íbàdàn ní ẹ̀ka wọn. Iṣan ẹlòmíì ò rọ̀, ó le jù ni, àwọn ló máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Tí ìtọ̀ bá ń ta ọ́, tí ẹ̀jẹ̀ bá wà níbẹ̀, tàbí tí ibà bá wà ńbẹ̀, tètè lọ rí dókítà.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ ẹgbẹ́ fún. Ẹ jẹ́ ká kọ́ ilé ìtọ̀ tó ṣeé lò, tó ní omi, sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ẹ jẹ́ kí ṣòkòtò jẹ́sì àwọn obìnrin jẹ́ dúdú, kì í ṣe funfun. Ẹ sì jẹ́ ká rí obìnrin kan yàn sáàárín àwọn kóòṣì, tí ọmọ lè bá sọ̀rọ̀ láìsí pé wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín.

Ẹ̀yin àbúrò mi obìnrin, ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ sọ fún ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán, kẹ́ ẹ sì máa ṣeré yín lọ. Ẹ̀yin ìyá wa, tí ọmọ bá wá sọ ọ́, ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin náà nílò eré ìmárale yìí, ẹ lè jọ máa ṣe é.

Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí gbogbo gbórúùpù ẹbí yín. Ìlú wa á máa gòkè.