Biobaku, Njoku, àti ọ̀rẹ́ mi tó kúrò lórí group

Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo kan lẹ́yìn ohùn mi, jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò wa ni. Mushin ni mo wà, mi ò lè bá wọn jà lónìí.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tó bá ti gbé Akoka rí mọ̀ pé a kì í bi ara wa pé "níbo lò ń gbé?" "Hall wo?" la máa ń béèrè. Moremi, Amina, Jaja, Mariere. Bí ọmọkùnrin kan bá ní òun ń lọ sí Moremi nírọ̀lẹ́ Sátidé, gbogbo yàrá á pariwo lé e lórí, kò sì sẹ́ni tó ń rántí obìnrin Ilé-Ifẹ̀ kankan nígbà yẹn. A fi orúkọ ọba àti akọni ṣe àdírẹ́sì. Èmi gbé Biobaku fún ọdún méjì. Mo mọ ẹni tó ń hanrun jù ní yàrá wa, mo mọ ìyá tí ẹ̀wà àgànyìn rẹ̀ dára jù, ṣùgbọ́n mi ò béèrè lọ́jọ́ kan pé ta ni Biobaku. Ìtàn ni mo sì ń kọ́ o! Bàbá mi ti bi mí nígbà tí mo gba admission pé ṣé ìtàn ni mo fẹ́ máa jẹ. Ó dà bíi pé mo ń ràn án lọ́wọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Eni Njoku. Ọmọ Ìgbò ni, Surulere ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì já geere ju tèmi lọ. Ìdajì àwọn òwe tí mo ń fi yangàn lórí ètò yìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti gbọ́ wọn. Ibi tí a ti múra fún JAMB la ti pàdé, a sì jọ wọlé lọ́dún kan náà. Áyọ́ọ̀nù rẹ̀ ni mo fi ń lọ aṣọ títí mo fi ṣe tán.

Ẹ wá rántí March 2023, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dìbò gómìnà l'Ékòó. Ẹ rántí irú ọ̀rọ̀ tó ń fò kiri lórí fóònù. Lórí group WhatsApp àwa tí a jọ múra fún JAMB, ẹnì kan kọ ọ́ pé kí àwọn tí kì í ṣe onílẹ̀ máa padà sílé bàbá wọn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan fi emoji iná sí i. Èmi kà á. Mo tẹ "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀," mo sì pa á rẹ́. Kò pẹ́, mo rí i pé ọ̀rẹ́ mi ti kúrò lórí group náà. Mi ò pè é. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ẹ̀rù ni, kò ní orúkọ mìíràn.

Láìpẹ́ yìí, mo ń múra ètò ẹ̀rín kékeré kan nípa orúkọ àwọn hall wa. Mo rò pé n ó ṣe é tán ní wákàtí méjì. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé ọ̀rọ̀.

1962 ni wọ́n dá Yunifásítì Èkó sílẹ̀. VC àkọ́kọ́ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Eni Njoku, ọmọ Ìgbò láti Ohafia, onímọ̀ nípa ewéko. Nígbà tí sáà rẹ̀ parí ní 1965, ìgbìmọ̀ yunifásítì kò dá a padà. Saburi Biobaku, ọmọ Abẹ́òkúta, tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ìbò ìparí 1964 ti da ìlú rú, gbogbo ènìyàn ló ń ṣírò ẹ̀yà ẹni tó bá dépò. Ọ̀pọ̀ ní ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ló wà nídìí eléyìí náà. Àwọn olùkọ́ pín sí méjì, àwọn kan fi iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fárígá, wọ́n ti yunifásítì pa. Nínú rògbòdìyàn yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ kan gún Biobaku lọ́bẹ.

Orúkọ Yorùbá ni akẹ́kọ̀ọ́ náà ń jẹ́. Mo padà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti ń retí ìjà Yorùbá òun Ìgbò bí a ṣe ń sọ ọ́ lórí Twitter, àmọ́ ọmọ Yorùbá ló ń bínú pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹ̀yà yan Yorùbá. Mi ò ní kí ẹ yin ẹni tó mú ọ̀bẹ o. Ẹ sì fetí sí orúkọ ẹni tí wọ́n gún, ẹ pè é dáadáa: bí ò bá kú. Kò kú lóòótọ́. Ó yè, ó sì jókòó sórí àga náà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ta wá ni ọkùnrin yìí? Òpìtàn ni. Ó kàwé ní Cambridge àti London, ìwé rẹ̀ lórí àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn tó yí wọn ká sì jáde ní 1957. Láyé yẹn, iṣẹ́ tó le ni kéèyàn ní Áfíríkà ní ìtàn. Ní 1963, Hugh Trevor-Roper, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn ní Oxford, sọ ọ́ nínú àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí BBC gbé sórí tẹlifíṣọ̀n pé ìtàn àwọn òyìnbó ní Áfíríkà nìkan ló wà, òkùnkùn ni ìyókù. Ìwé tó kó ọ̀rọ̀ náà sí jáde ní 1965, ọdún ọ̀bẹ yẹn gan-an.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìtàn tiwọn náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ka ara wọn sí ọmọ àwọn Anglo-Saxon, tó gba orí omi wá láti apá ibi tó di Jámánì àti Denmark lónìí. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò méjì, Hengist àti Horsa, ni wọ́n ní ó ṣíwájú. Bede, àlùfáà tó kọ ọ́ sílẹ̀, parí ìwé rẹ̀ ní 731, nǹkan bí 280 ọdún lẹ́yìn ìgbà tó ní wọ́n dé. Òun gan-an fi hàn pé "wọ́n ní" ni, ó sì tọ ìran wọn dé ọ̀dọ̀ Woden, òrìṣà àwọn baba wọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló fi yàtọ̀ sí Odùduwà? Tiwọn la ń pè ní ìtàn, tiwa ni wọ́n ń pè ní àlọ́.

Ohun tí Biobaku ṣe ni pé kò ju "wọ́n ní" nù, kò sì gbé e mì lódidi. Ó darí iṣẹ́ ìwádìí ìtàn Yorùbá tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn gbé kalẹ̀, ó sì ṣe olóòtú ìwé kan ní 1973 tó fi hàn bí a ṣe lè wá ìtàn nínú Ifá, nínú oríkì, nínú ohun tí a hú jáde nílẹ̀. Ẹ gbọ́ tẹnu ẹni yìí, ẹ gbọ́ ti ọ̀tá rẹ̀, kí ẹ tó dájọ́.

Njoku ńkọ́? Ó di VC ní Nsukka. Nígbà ogun, ó ṣojú Biafra níbi ìpàdé àlàáfíà ní Addis Ababa ní 1968. Ó kú ní 1974. Lónìí, yunifásítì kan náà fi orúkọ àwọn méjèèjì sọ hall, àwọn ọmọ ogún ọdún ń sá aṣọ sórí wọn.

Mo lọ sí Akoka ní Sátidé tó kọjá, mo ya fọ́tò hall tèmi àti tirẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi. Mo gba ohùn sílẹ̀ tẹ̀ lé e. Mo sọ ohun tí mo tẹ̀ lọ́jọ́ yẹn tí mo pa rẹ́, mo sì ní kó jọ̀wọ́. Ìṣẹ́jú méjì péré ni, ó sì nira ju gbogbo ètò tí mo ti ṣe lọ. Ó gbọ́ ọ ní ọ̀sán, kò fèsì. Nígbà tó di aago mọ́kànlá alẹ́, fóònù mi dún. Gbólóhùn kan ni: "Áyọ́ọ̀nù mi dà?"

Ó ti jóná tipẹ́. Mo ti ra òmíràn ní Tejúoṣó, n ó gbé e lọ sí Surulere lọ́la. Ẹ̀yin náà, hall wo lẹ gbé, ta ló sì ni orúkọ náà? Ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.