Ìdí tí Àwọn Ọ̀dọ́ Wa fi ń Lọ sí Ìlú Ńlá
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé Aṣejirè

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń fi ilé sílẹ̀ lọ sí ìlú ńlá. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí á wo ara wa. Àwọn tí kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún láàrin wa, ǹjẹ́ wọ́n tó márùn-ún? Ewú ló pọ̀. Ẹgbẹ́ tí kò ní ọ̀dọ́ dà bí oko kòkó tí a kò gbin igi tuntun sí. A óò máa ká a lọ títí di ọjọ́ tí kò ní so mọ́.

Àwa àgbà máa ń sọ pé ọ̀lẹ ló ń lé ọmọdé lọ sí Èkó. Èmi náà ti sọ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìtàn, a óò rí i pé kì í ṣe òní ni ọ̀dọ́ ti ń wá ibi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ti tó ẹnu.

Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ọjà Àpòmù ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Nígbà náà, àwọn ará ibòmíràn ló ń wá sọ́dọ̀ wa. Aáwọ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní ọjà náà wà lára ohun tó fa ogun Òwu. Lẹ́yìn ogun yìí ni àwọn jagunjagun tẹ̀dó sí Ìbàdàn, ní nǹkan bí ọdún 1829. Kí ló mú kí ọ̀dọ́ láti ibi gbogbo máa rọ́ lọ síbẹ̀? Ààbò wà níbẹ̀, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà. Oyè Ìbàdàn kì í ṣe oyè ìdílé kan ṣoṣo. Ọmọ tí a kò ka bàbá rẹ̀ sí nílé lè fi akin gòkè títí yóò fi di olóyè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, n óò padà sí i.

Ọkọ̀ ojú irin ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Òṣogbo ní 1907. Kò gba ọ̀dọ̀ wa. Ní 1948, ilé-ẹ̀kọ́ Yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Owó kòkó àwọn bàbá wa wà nínú owó tí a fi ṣe é, bó ti wà nínú Ilé Kòkó tí wọ́n parí ní Dùgbẹ̀ ní 1965. Kòkó abúlé ló kọ́ ọmọ ní ìwé, ìwé ló fún ọmọ ní kálámù, ìlú ńlá sì ni iṣẹ́ kálámù wà. A rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé kí ó má baà jìyà oko bí tiwa. Nígbà tí kò wá roko mọ́, a ń bínú.

Ẹ gbọ́ iye díẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 1952, àwọn tó wà ní Ìbàdàn lé ní 450,000, ti Èkó kò sì tó 300,000. Nígbà tí wọ́n tún kà á ní 1963, Èkó ti kọjá Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ni owó epo rọ̀betì dé ní 1973 sí 1974, Èkó sì ni ìjọba, èbúté ọkọ̀ òkun àti ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ wà. Ní oṣù kejìlá 1991, ìjọba àpapọ̀ kó lọ sí Àbújá. Ìkànìyàn ọdún náà rí nǹkan bí 370,000 ènìyàn ní agbègbè Àbújá. Ní 2006, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù kan àti 400,000. Ibi tí owó bá wà ni ọ̀dọ́ ń bá a lọ. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Omi Ọ̀ṣun tí wọ́n sé níbí láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ń gba inú páìpù lọ sí Ìbàdàn. Àwọn kan máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé omi wa àti ọmọ wa, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà. Ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Ìjọba ti gbìyànjú rí láti dá wọn dúró. Láti 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá àwọn oko ọ̀dọ́ sílẹ̀, irú ti Akùfọ̀, Ìlọrà àti Ẹ̀sà-Òkè. Orílẹ̀-èdè Israel ni wọ́n ti wo àpẹẹrẹ rẹ̀. Wọ́n kọ́ àwọn tó jáde ilé-ìwé ní iṣẹ́ àgbẹ̀, wọ́n fún wọn ní ilé àti ilẹ̀. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n ó gba owó púpọ̀, igi tí wọ́n gbìn kò tètè so, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi oko náà sílẹ̀ lọ. Ilé àti ilẹ̀ nìkan kò lè dá ọ̀dọ́ dúró. Ó fẹ́ kí iṣẹ́ náà mú owó wá, kí ó sì jẹ́ tirẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wà nínú ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ wa. Ọmọkùnrin kan wá bá wa. Ìyá rẹ̀ ń din dòdò Ìkirè. Ó fẹ́ ra àwo ńlá, ọ̀rá àti ẹ̀rọ tí a fi ń dí i, kí ó lè máa kó dòdò náà lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Ìbàdàn. Ó ti ṣe ìṣirò rẹ̀ sínú ìwé. A bi í pé, ta ni onídùúró rẹ? Kò ní. Èló lo ti fi pamọ́ sọ́dọ̀ wa? Díẹ̀ ni. Ẹnì kan nínú wa tún bi í pé, ọmọ ta ni ọ́? A ní kí ó lọ padà wá lẹ́yìn ọdún méjì. Kò padà wá. Èkó ló lọ. Òfin ẹgbẹ́ ni a tẹ̀ lé, a kò ṣe ojúsàájú. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa Ìbàdàn àtijọ́: ìlú tí kì í béèrè ọmọ ta ni ọ́ ni ọ̀dọ́ ń sá lọ.

N kò sọ pé Èkó rọrùn. Owó ilé wọ́n, ọ̀pọ̀ sì wà níbẹ̀ tí ojú ń ti láti padà wálé. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé nǹkan kò sí lọ́dọ̀ wa. Ilé-iṣẹ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò wà ní Aṣejirè níhìn-ín. Ẹ̀ka Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà ní Ìkirè, àwọn ọmọ ibòmíràn sì ń wá kàwé níbẹ̀. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń gba yàrá, wọ́n ń ra nǹkan. Ta ni ń tà á fún wọn?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo fi síwájú yín.

Èkíní, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ya díẹ̀ nínú owó ẹ̀yáwó sọ́tọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, kí àwọn márùn-ún sì jọ dúró fún ara wọn. Ní Bangladesh, Muhammad Yunus bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ láàrin àwọn tálákà ní 1976, ó sì di báǹkì Grameen ní 1983. Ẹlẹ́ni márùn-ún ni ẹgbẹ́ wọn. Ìwà àti iṣẹ́ ẹni ni wọ́n ń wò, wọn kì í béèrè ohun ìdógò. Èyí kò jìnnà sí èsúsú tiwa.

Èkejì, kí àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi lè máa dá owó ìpín àti owó ìfipamọ́ sínú ẹgbẹ́ ilé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ẹni tó ní nǹkan nílé ló ń rántí ilé.

Ẹ̀kẹta, kí ọ̀dọ́ kan, ọkùnrin tàbí obìnrin, wà nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì ní ìbò bíi tiwa.

Alájẹṣẹ́kù ni orúkọ wa. Ẹni tó jẹ tí ó ṣẹ́ kù, ta ni ó ń ṣẹ́ ẹ kù fún? Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ìpàdé gbogboogbò ẹgbẹ́ yín, ẹ dìbò lé e lórí, kí a tó tún pàdé.