Ohun tí Awọ Ara Obìnrin Ń Sọ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tó bá ń ṣe inú ara lè hàn lójú awọ. Bí ọrùn ọmọbìnrin bá dúdú ju ojú rẹ̀ lọ, tó nípọn, tó sì rí bí aṣọ àrán, ní Kìṣí bí ní ibòmíràn, àwọn ènìyàn a ní kò mọ ara wẹ̀ ni. Bí irùngbọ̀n bá hù ú, àwọn mìíràn a pè é ní àjẹ́. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì.

Họ́mónù ni ìránṣẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri inú ara. Gbogbo obìnrin ló ní díẹ̀ nínú họ́mónù ti ọkùnrin. Bí ó bá pọ̀ jù, irorẹ́ yóò máa sú, irun yóò sì hù ní àgbọ̀n àti àyà. Ọrùn dúdú ní tirẹ̀ sábà máa ń fi hàn pé ara kò gbọ́ràn sí ínsúlínì tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ara sì ń pèsè rẹ̀ ní àpọ̀jù. Àpọ̀jù yìí ló tún ń ti àpò ẹyin láti pèsè họ́mónù ọkùnrin sí i, tí ẹyin kì í fi í jáde lásìkò, tí nǹkan oṣù sì ń fo oṣù.

Ní 1935, àwọn dókítà méjì ní Chicago, Stein àti Leventhal, kọ̀wé nípa obìnrin 7 tí irú rẹ̀ ṣe. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 obìnrin tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ, 8 sí 13 ló ní i, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀.

Ìpara abóra kì í ṣe oògùn rẹ̀. Òmíràn ní mákúrì tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Òmíràn ní sìtẹ́rọ́ìdì líle tó ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó sì lè wọnú ẹ̀jẹ̀ lọ da họ́mónù rú. Ẹni tó fẹ́ pa iná ló ń fi epo sí i yẹn.

Ìbòrí a máa bo ọrùn, ìyá lè má tètè rí i. Ṣùgbọ́n obìnrin Mùsùlùmí ti ń ka ọjọ́ nǹkan oṣù rẹ̀ nítorí ìrun. Kí ó máa kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ẹ̀rí pàtàkì ni fún dókítà.

Àmì kan ṣoṣo kì í ṣe ìdájọ́, irorẹ́ ọ̀dọ́ wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n bí àmì bá di méjì mẹ́ta, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí irun bá hù lójijì tí ohùn sì ki, kí ó má fi falẹ̀ rárá. Bí ẹni tó sanra bá dín òkèlè àti ohun dídùn kù, tó ń rìn dáadáa, tí ìwọ̀n ara rẹ̀ fi 5 nínú 100 dínkù, nǹkan oṣù rẹ̀ lè bọ̀ sípò. Oògùn tó ń mú ẹyin jáde wà pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ọkọ àti ẹ̀yin tó ń wá aya, àìsàn yìí kò sọ obìnrin di àgàn. Ọ̀pọ̀ ló ń bímọ lẹ́yìn ìtọ́jú. Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ìkọ̀sílẹ̀, kí ọkọ kọ́kọ́ bá aya rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n yẹ òun náà wò.