Òkè Edinburgh: Ẹ Má Jẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Jókòó sí Ìsàlẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka àwọn ọ̀dọ́ bá wa sọ ní ìpàdé gbogbogbò, ẹ̀ka Britain

Mo júbà kí n tó lanu. Ọmọ tó bá gba mááìkì níwájú àgbà gbọ́dọ̀ tọrọ àyè. Mo tọrọ àyè o.

Wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé ètò ìrìn-àjò tí àwa ọ̀dọ́ fẹ́ ká jọ lọ, ìyẹn sí Edinburgh Castle, ilé olódi àtijọ́ tó wà lórí àpáta láàárín ìlú Edinburgh ní Scotland. Nígbà tí a kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀ ní ìpàdé tó kọjá, mo gbọ́ tí àwọn ìyá wa kan ń sọ lẹ́yìn pé, "Ẹ̀yin ọmọdé ẹ máa lọ, orúnkún tiwa ò gba òkè mọ́." Mo sì gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ kan náà ń sọ pé, "Tó bá jẹ́ ìrìn àwọn àgbà ni, a ò lọ." Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ló gbé mi dìde. Bí àwọn àgbà bá jókòó sílé, tí àwọn ọmọ náà sì lọ sí ibòmíràn, kí ló kù tí à ń pè ní ẹgbẹ́?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ òkè tí à ń sọ. Òkè oníná ni àpáta yẹn nígbà kan. Iná inú ẹ̀ kú, ó sì di òkúta líle, nǹkan bíi mílíọ̀nù 350 ọdún sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni yìnyín ńlá wá láti ìwọ̀-oòrùn, ó ha ilẹ̀ tó yí i ká kúrò, ṣùgbọ́n kò rí àpáta náà gbé. Ìdí nìyẹn tí ìhà mẹ́ta fi ga bí ògiri, tó wá jẹ́ pé ìhà ìlà-oòrùn nìkan ló rọra dagun wálẹ̀. Orí ìdagun yẹn ni òpópónà tí wọ́n ń pè ní Royal Mile wà. Orí àpáta náà fi nǹkan bíi mítà 130 ga ju òkun lọ. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé olódi náà láyé àtijọ́, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní, gbogbo ẹni tó wà lókè sì ń wò ó bó ṣe ń mí hẹlẹ bọ̀.

Ìtàn kan wà níbẹ̀ tí inú mi máa ń dùn sí. Ní 1314, ọwọ́ àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ilé olódi náà wà. Thomas Randolph, tó ń jagun fún Robert Bruce, ọba Scotland, dó tì í, kò rí i wọ̀. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní William Francis wá sọ fún un pé òun mọ ọ̀nà kọ́rọ́ kan lára àpáta. Báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n? Gẹ́gẹ́ bí akéwì Barbour ṣe kọ ọ́, nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, inú ilé olódi yẹn ló ń gbé, ọ̀nà yẹn ló sì máa ń gbà yọ́ jáde lóru lọ bá ọmọge kan nínú ìlú! (Ẹ̀yin òbí, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o.) Randolph pẹ̀lú ọgbọ̀n ọkùnrin tẹ̀ lé e, wọ́n fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rápálá gòkè nínú òkùnkùn, wọ́n sì gba ibẹ̀. Bruce ní kí wọ́n wó odi rẹ̀ lulẹ̀ kí ọ̀tá má bàa tún rí i lò.

Kí ni mò ń fà yọ? Àwọn tó kọ́ ibẹ̀ mọ̀ ọ́n mọ̀ kọ́ ọ kí èèyàn má bàa tètè débẹ̀ ni. Nítorí náà, kì í ṣe ibi tí ẹgbẹ́ lè dédé gbéra lọ, kí á ní tí a bá débẹ̀ a ó mọ bí a ó ṣe ṣe é. Mo ti rí irú ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ mìíràn: àwọn ọmọ á gun òkè lọ ya fọ́tò, àwọn ìyá á jókòó sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n á máa ṣọ́ kúlà oúnjẹ. Tí wọ́n bá délé, wọ́n á ní àwọn lọ. Níbo ni wọ́n lọ? Àwa ò fẹ́ ìyẹn. Ètò tí a wá ṣe nìyí.

Àkọ́kọ́, ọjọ́. A mú Sátidé kan nínú oṣù kẹfà. A ò mú oṣù kẹjọ, torí ìgbà náà ni eré àwọn ológun tí wọ́n ń pè ní Tattoo máa ń wáyé ní pápá iwájú géètì ilé olódi gan-an, gbogbo òtẹ́ẹ̀lì ìlú á kún, owó wọn á sì lọ sókè. A ò mú Sunday, torí ṣọ́ọ̀ṣì, àti torí pé ìbọn àgbá tí wọ́n ń yìn níbẹ̀ ní aago kan ọ̀sán kì í dún lọ́jọ́ Sunday. Láti 1861 ni wọ́n ti ń yìn ín, kí àwọn ọkọ̀ ojú omi lè fi tún aago wọn ṣe. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, a máa sọ fún un ṣáájú kó má bàa ta gìrì.

Èkejì, bí a ó ṣe dé ìlú. Àwọn ará Glasgow ò ní wàhálà, ọkọ̀ ojú irin ò ju bíi ìṣẹ́jú 50 lọ. Àmọ́ láti King's Cross ní London dé Waverley, ó ju wákàtí mẹ́rin lọ. Nítorí náà, kí àwọn ará London wá ní ìrọ̀lẹ́ Friday, kí wọ́n sùn. Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ tí a ó lọ á san owó gọbọi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pé 60 ọdún, ẹ gba káàdì Senior Railcard, ó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó kúrò. Àwa ọ̀dọ́ náà ní tiwa.

Ẹ̀kẹta, òkè fúnra ẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Láti Waverley, ìrìn ẹsẹ̀ tó ń gòkè bíi ìṣẹ́jú 15 ni fún ẹni tí ara ẹ̀ yá. Àwọn àgbà ò ní rìn ín, táksí ló máa gbé wọn. Nínú ọgbà ibẹ̀, òkúta ni wọ́n tò sójú ọ̀nà, bàtà onígigísẹ̀ ò gba ibẹ̀, mo bẹ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá géètì, ẹ máa rí àtẹ̀gùn àtijọ́ kan, Lang Stairs, àádọ́rin ni. Ẹ má gùn ún tí orúnkún bá ń dùn yín. Ọ̀nà kejì yí po, ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní àtẹ̀gùn. Ọkọ̀ kékeré kan sì wà tí àwọn alábòójútó ibẹ̀ fi ń gbé àwọn tí ìrìn nira fún láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, wọn kì í gbowó. Àyè inú ẹ̀ ò pọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ wà lẹ́nu géètì ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, a ó sì pè wọ́n ṣáájú ọjọ́ náà. Aláàbọ̀ ara tó bá nílò ẹni tó máa tẹ̀ lé e, olùtọ́jú ẹ̀ ò ní sanwó ìwọlé.

Ẹ̀yin àgbà wa, ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín sí níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òtítọ́ nípa ẹsẹ̀ yín fún wa. Mo mọ̀ pé àgbà kì í fẹ́ kí ọmọdé mọ̀ pé nǹkan ń dun òun. Tí a bá bi yín, ẹ máa ní, "Mo wà dáadáa." Tí a bá dé ìdajì òkè, ojú á wá ń pọ́n. Ẹ lọ bá akọ̀wé wa ní kọ̀rọ̀, ẹ fi orúkọ sílẹ̀ fún ọkọ̀ tàbí àga onítáyà. Kò ní ka orúkọ kankan sí ìpàdé.

Ẹ̀kẹrin, omi àti oúnjẹ. Láàárín 1571 sí 1573, wọ́n tún dó ti ilé olódi yẹn. Ìbọn àgbá wó ilé ìṣọ́ ńlá inú ẹ̀ lulẹ̀, kànga wọn dí, òùngbẹ sì wà lára ohun tó mú kí wọ́n juwọ́ sílẹ̀. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ike omi tiẹ̀ dání! Oúnjẹ wa, ìsàlẹ̀ la ó ti jẹ ẹ́, ní ọgbà Princes Street. Adágún omi ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ń dáàbò bo ìhà àríwá òkè náà, kí wọ́n tó fà á gbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ kírun ọ̀sán, mọ́ṣáláṣí ńlá ìlú náà ò jìnnà.

Ẹ̀karùn-ún, owó. Àwọn kan ti dábàá aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Aṣọ dáa, èmi náà fẹ́ràn ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tó wà lápò ẹgbẹ́ kò lè rán aṣọ kó tún san táksí. Àbá ẹ̀ka ọ̀dọ́ ni pé kí á fi owó yẹn san táksí àwọn àgbà, kí á wọ aṣọ tó wà nílé. Mo mọ̀ pé ó máa dun àwọn kan. Ẹ forí jì wá.

Ẹ ó bi mí pé kí ló wà lókè yẹn gan-an. Ilé àdúrà St Margaret wà níbẹ̀, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bíi 900 ọdún sẹ́yìn, òun ló pẹ́ jù nínú gbogbo ilé Edinburgh; ó kéré débi pé a ò lè jọ wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mons Meg wà níbẹ̀, ìbọn àgbá tó wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́fà, tí wọ́n fi ta Ọba James Kejì lọ́rẹ ní 1457. Adé ọba Scotland, ọ̀pá àṣẹ àti idà rẹ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí Scotland àti England di ọ̀kan ní 1707, wọ́n tì wọ́n mọ́nú àpótí, ó di 1818 kí Walter Scott àti àwọn tó bá a lọ tó ṣí i. Ẹ̀yin ọmọ ìlú aládé, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí kí adé wà nínú àpótí fún 111 ọdún.

Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi fẹ́ kí àwọn àgbà wà lókè pẹ̀lú wa ju ìyẹn lọ. Àwa tí wọ́n bí síbí, ilé ìwé ti kọ́ wa ní castle dáadáa. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa pé àwọn Ẹ̀gbá sá ogun wá sábẹ́ Olúmọ ní 1830, tàbí pé orí òkè ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rù ogun kan náà, ọgbọ́n kan náà. Tí ọmọ ọdún mẹ́wàá bá dúró lórí òkè yẹn, tí bàbá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó lè sọ pé, "Bí tiwa náà ṣe rí nìyí," ọmọ yẹn ò ní gbàgbé. Tí bàbá bá wà nínú bọ́ọ̀sì, ta ló máa sọ ọ́? Nítorí náà, a ó pín ara wa ní méjì méjì, ọmọ kan, àgbà kan. Ọmọ á ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri, àgbà á sọ tiwa. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Alága, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ìpàdé fọwọ́ sí lónìí: ọjọ́ Sátidé nínú oṣù kẹfà, owó táksí dípò aṣọ, àti pé ẹni tó lọ́ra jù ni gbogbo wa máa bá rìn. Tí ìpàdé bá gbà, ìwé orúkọ wà lọ́wọ́ akọ̀wé, kò tíì sí orúkọ kankan nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí orúkọ àgbà ló ṣíwájú.