Òṣùká, Ẹ̀wà àti Kòtò Kùsà: Ẹ̀kọ́ Lórí Ipá àti Ìtẹ̀

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kan tó máa ń ṣòro fún àwọn ọmọ ní kíláàsì. Ilé ìdáná ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé sí Jos, lẹ́yìn òtútù, ẹ̀wà ni yóò kọ́kọ́ ráhùn lé lórí. Ẹ̀wà kan náà, ìkòkò kan náà, síbẹ̀ kò jinná bọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn a ní ẹni tó ta ẹ̀wà fún wọn ló rẹ́ wọn jẹ. Ẹlẹ́wà kò jẹ̀bi, ó kéré tán kì í ṣe nígbà gbogbo. Kí a tó mọ ẹni tó jẹ̀bi, ẹ jẹ́ kí a ká òṣùká ná.

Garawa omi tó gba lítà 20, omi inú rẹ̀ wúwo tó kílò 20. Bí ẹ ká òṣùká, kílò 20 náà ni. Bí ẹ kò ká a, kílò 20 náà ni. Ipá tó fi ń ti orí yín sísàlẹ̀ kò yí padà rárá. Kí wá ni òṣùká ń ṣe? Orí rí roboto, ìdí garawa tẹ́ pẹrẹsẹ. Láìsí òṣùká, ojú kan ṣoṣo ní àtàrí ni gbogbo ẹrù náà jókòó lé. Òṣùká ń tàn án káàkiri orí. Ipá tí a bá fi ìwọ̀n ojú ibi tó tẹ̀ pín ni ìwé yín ń pè ní pressure. Ìtẹ̀ ni èmi yóò máa pè é. Bí ojú ibẹ̀ bá kéré, ìtẹ̀ a pọ̀. Bí ó bá fẹ̀, ìtẹ̀ a dín. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ fi ń wọlé níbi tí ìka kò lè wọ̀. Bí arábìnrin kékeré kan bá sì fi gìgísẹ̀ bàtà gogoro tẹ̀ yín lẹ́sẹ̀ lóde ìyàwó, yóò dùn yín ju kí bàbá sísanra fi sálúbàtà tẹ̀ yín lọ. (Nínú ìdánwò, newton ni ẹ ó fi wọn ipá, pascal ni ẹ ó fi wọn ìtẹ̀. Ẹ má kọ kílò síbẹ̀ o.)

Afẹ́fẹ́ náà ní ìwúwo. Ní etí òkun ní Èkó, ojú ibi tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan níbùú àti lóòró, afẹ́fẹ́ tó wà lókè rẹ̀ wúwo ju kílò kan lọ díẹ̀. Ó ń tì wá láti gbogbo ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà ni a kò ṣe mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n Jos ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní 1,200 mítà. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín Èkó àti àwa, ìsàlẹ̀ wa ló wà, kò sí lórí wa mọ́. Èyí tó kù lé wa lórí kò pé gíráàmù 900.

Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ wọn ìtẹ̀, Blaise Pascal ará Faransé, ló ní kí wọ́n dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní ọdún 1648, ó ní kí ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Florin Périer, gbé ọ̀pá gíláàsì tí mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀ gun òkè Puy de Dôme. Nígbà tí wọ́n fi dé orí òkè, mẹ́kúrì náà ti fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8 wálẹ̀. Ká ní Èkó ni wọ́n ti gbé e wá sí Jos ni, ìbá kúrò ní sẹ̀ǹtímítà 76 wá sí nǹkan bíi 66.

Ẹ jẹ́ kí a padà sídìí ẹ̀wà. Kí omi tó hó, oruku rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè ti afẹ́fẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ lórí padà. Ní Èkó, ó di 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó lè ṣe é. Níbí, nǹkan bíi 96 ti tó. Bí ẹ tilẹ̀ ko gbogbo igi Plateau síná, omi inú ìkòkò lásán kò ní gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, ńṣe ni yóò máa gbẹ. Ẹ̀wà ń hó lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi tó ń hó lé e lórí kò gbóná tó ti Èkó. Pressure pot ló ń ran ìyá lọ́wọ́, torí ó ń há oruku mọ́.

Omi wá wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ fíìfíì. Mítà 10 péré nísàlẹ̀ omi, ìtẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà lókè Èkó. Ìtẹ̀ omi yìí ló fún Jos ní iná: iléeṣẹ́ NESCO, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1929, lo omi Kurra Falls láti fún àwọn tó ń wa tin níná mànàmáná. Òun kan náà ni wọ́n fi gbẹ́ ọ̀pọ̀ kòtò tí ẹ ń rí ní Bukuru àti Barkin Ladi. Wọ́n ń fi páìpù tú omi líle sára ilẹ̀ títí yóò fi wó, kí wọ́n lè ṣa kùsà inú rẹ̀. Wọ́n kó kùsà lọ, wọ́n fi kòtò sílẹ̀, ó kún fún omi. Àwọn àgbẹ̀ ń fi omi náà bomi rin ànàmọ́ àti ewébẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn, èyí sì dára.

Ẹ̀yin ọmọ, ibí yìí gan-an ni mo ń bọ̀. Kò sí ẹni tó ti pẹ́ ní Jos tí kò tíì gbọ́ nípa ọmọ tó rì sínú kòtò kùsà. Odò a máa jìn díẹ̀díẹ̀. Kòtò kùsà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lè gbé ẹsẹ̀ kan síbi tó mu yín dé orúnkún, kí ìkejì má rí ilẹ̀ tẹ̀. Ẹ má wẹ̀ níbẹ̀.

Bí ẹrẹ̀ etí rẹ̀ bá gbé yín lẹ́sẹ̀ ńkọ́? Ọmọ tó wọ̀n kílò 45, tó dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, ń tẹ ilẹ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 200 lórí sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ kan, ó di 400, ẹsẹ̀ kejì á sì túbọ̀ rì. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ na apá yín: ìtẹ̀ yẹn á fọ́nká bíi ti òṣùká. Kí ẹ wá máa mi ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí omi lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ má fà á lójijì, torí bí kò bá sí ohun tó wọ abẹ́ ẹsẹ̀, afẹ́fẹ́ tó wà lókè á tì í padà.

Bí ẹnì kejì yín bá já sí omi, ẹ má bẹ́ tẹ̀ lé e. Yóò dì mọ́ yín, ẹ ó sì jọ rì ni. Ẹ kígbe pe àgbà, kí ẹ sì wá kẹ́ẹ̀gì. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo tó gba lítà 10, tí a dé ní àdépa, omi á máa fi ipá tó tó kílò 10 tì í sókè. Ara ènìyàn fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ léfòó tán; kílò mélòó kan ti tó láti mú kí imú wà lókè omi. Ẹ so okùn mọ́ etí kẹ́ẹ̀gì náà, ẹ bu omi díẹ̀ sínú rẹ̀ kó lè ṣe é jù dáadáa, ẹ dé e, kí ẹ sì dọ̀bálẹ̀ kí ẹ tó fà á.

Kẹ́ẹ̀gì kan àti okùn wà lórí tábìlì níwájú yìí. Lẹ́yìn ìpápánu, a ó jáde síta, kí olúkúlùkù yín wá jù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta.