Kí Ni Ó Jó Bọ́ọ̀dù Àkọ́kọ́?

Àwa tí a wá bá yín sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí, kúkà ni a ń tún ṣe ní Ajégúnlẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ọjà Bọ́ńdárì. A kì í ṣe tíṣà. Tíṣà yín ni ó ní kí a wá, nítorí ó ní ẹ ti mọ ìwé kà báyìí, ẹ sì mọ nọ́ńbà. Ibi tí nọ́ńbà sì ti lè gba owó yín lọ́wọ́ ìparun, ara kúkà tòkunbọ̀ wà lára rẹ̀.

Gbogbo wa ni a mọ èbúté Tincan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí. Ní ọdún 1975, ọkọ̀ tí ó kó sìmẹ́ńtì wá pọ̀ lójú omi Èkó tó bẹ́ẹ̀ tí èbúté Àpápá kò gbà wọ́n mọ́. Ìyẹn ni ìjọba fi kọ́ èbúté mìíràn sí erékùṣù Tincan, tí wọ́n sì ṣí i ní 1977. Láti ìgbà náà ni ẹrù òkè òkun ti ń gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá. Ní 2015 àti 2016, àwọn olùwádìí dúró sí èbúté méjèèjì, wọ́n ń wo àwọn ohun èlò oníná tí àwọn ará òkè òkun ti lò rí. Wọ́n ní ó tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 60,000 lọ́dún kan, pé inú mọ́tò tòkunbọ̀ ni wọ́n di púpọ̀ nínú rẹ̀ sí, àti pé nínú 100, ó kéré tán 19 ni kò ṣiṣẹ́.

A ò ní kí ẹ má ra tòkunbọ̀ o. Òun náà ni a fi ń se ọbẹ̀ nílé tiwa.

Ìyá kan wà ní àdúgbò wa tí wọ́n ń yan mííìpáì àti kéèkì tà. Wọ́n gba àjọ, wọ́n fi ra kúkà Amẹ́ríkà kan. Ojú iná mẹ́rin ní òkè, ófùn ńlá ní ìsàlẹ̀, aago tí ń tàn níwájú. Gáàsì ni ó ń jó, ṣùgbọ́n iná mànàmáná ni ó ń darí ófùn rẹ̀. Ẹ̀yìn aago yẹn ni bọ́ọ̀dù wà. Bọ́ọ̀dù ni ọpọlọ kúkà: ohun tí ẹ bá tẹ̀ níwájú, òun ni ó ń gbọ́ ọ, òun ni ó sì ń rán wáyà níṣẹ́.

Ọmọ ìyá yí orí pílọ́ọ̀gì padà, ó kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri. Ó dún pàù! Èéfín rú. Oníṣẹ́ kan wá, ó ní bọ́ọ̀dù ti jó, wọ́n sì ra òmíràn. Ó ní kí wọ́n fi sítẹ́ẹ̀pù-dáùn sí i lọ́tẹ̀ yìí, ìyẹn àpótí tí ó ń dín agbára iná kù. Aago tàn. Inú ìyá dùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti tẹ ófùn, aago á ṣẹ́jú, á kú, á tún padà tàn. Ófùn ò gbóná rárá. Bí wọn ò bá sì fọwọ́ kan ófùn, aago ń lọ, ṣùgbọ́n ó ń fi ìṣẹ́jú 10 sẹ́yìn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Oníṣẹ́ ní, “Bọ́ọ̀dù yìí náà ò dáa. Ẹ wá owó ẹlẹ́ẹ̀kẹta.” Kérésìmesì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, àwọn oníbàárà sì ti san owó kéèkì sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìyá wá bá wa, ojú wọn pọ́n.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a bi wọ́n: “Ìyá, kí ló jó ti àkọ́kọ́?”

Wọ́n ní àwọn ò mọ̀, oníṣẹ́ náà ò sì sọ. Ẹ jẹ́ kí á dúró níbẹ̀ díẹ̀. Bí òrùlé bá ń jò, tí ẹ pààrọ̀ ẹní tí ó tutù, ẹní tuntun náà á tutù.

A fa dúrọ́ọ̀ tí ó wà lábẹ́ ófùn jáde. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà lára férémù níbẹ̀, tí wọ́n kọ nǹkan sí. Lára kúkà mìíràn, ẹ̀yìn ni ó ń wà, tàbí etí ilẹ̀kùn ófùn. A ní, “Ìyá, ẹ kà á.” Wọ́n wọ gíláàsì wọn, wọ́n kà á: 120V, 60Hz. Ẹ̀yin náà ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín.

V yẹn, fóòtì ni, bí iná ṣe lágbára tó. Iná NEPA, bí a ṣì ń pè é títí di òní, 230 ni. Ní Amẹ́ríkà, 120 ni ó wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri. Ẹni tí ó lè ru àpò gàrí kan, tí a wá gbé méjì lé e lórí, ṣé ọrùn rẹ̀ kò ní kán? Ohun tí ó jó bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ nìyẹn. Kúkà tí ó ti ìlú òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì wá kò ní wàhálà yìí, nítorí iná tiwọn àti tiwa dọ́gba.

Hz ni iye ìgbà tí iná ń lọ tí ó ń bọ̀ nínú wáyà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó jẹ́ 60 ní Amẹ́ríkà, ó jẹ́ 50 níbí. Aago irú kúkà yìí, lílọ-bíbọ̀ náà ni ó ń kà. Tí ó bá ka 60, ó gbà pé ìṣẹ́jú àáyá kan ti kọjá. Níbí, 50 péré ni ó ń rí, nítorí náà nínú odindi wákàtí kan, ìṣẹ́jú 50 ni yóò kà. Ẹ ò rí ìṣẹ́jú 10 tí ó sọnù! Bọ́ọ̀dù ò ní àrùn kankan. Sítẹ́ẹ̀pù-dáùn kò sì lè wo èyí sàn, V nìkan ni ó ń dín kù. Bí ẹ bá ní kí kúkà yìí pa ófùn lẹ́yìn wákàtí kan, ìṣẹ́jú 72 ni yóò tó pa á, kéèkì á sì ti dúdú. A ní kí ìyá máa wo aago ọwọ́ wọn.

Ó wá ku ófùn. A ka ara sítẹ́ẹ̀pù-dáùn náà: 100W. W ni wọ́ọ̀tì, ìwọ̀n iṣẹ́ tí ó lè gbé. Aago àti bọ́ọ̀dù kì í jẹ púpọ̀, 100 tó wọn. Ṣùgbọ́n nínú ófùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí gáàsì ti ń jáde, nǹkan kékeré kan wà, ó rí bí òkúta eérú, àwa oníṣẹ́ ń pè é ní ìgináítà. Ó máa ń pọ́n bí ẹyin iná, òun ni ó ń ràn mọ́ gáàsì. Òun nìkan ń jẹ nǹkan bíi wọ́ọ̀tì 400. Bí bọ́ọ̀dù bá ti pè é, sítẹ́ẹ̀pù-dáùn kékeré yẹn kò lè gbé e mọ́, agbára iná á já wálẹ̀, aago á kú. A yá ìyá ní tiwa, 1000W. Wọ́n tẹ ófùn. Aago ò kú mọ́. Ìgináítà pọ́n.

Gáàsì ò wá.

Ibí ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti ń ṣìnà. Wọ́n á ní, ṣebí ìgináítà pọ́n, ó dáa nìyẹn. Wọ́n á wá di bọ́ọ̀dù mú, tàbí fáàfù. Bẹ́ẹ̀ sì ni wáyà kan náà ni iná ń gbà kọjá lára ìgináítà dé fáàfù gáàsì. Bí ìgináítà bá ti gbó, iná tí ń kọjá lára rẹ̀ á dín kù. Á ṣì máa pọ́n, ṣùgbọ́n iná náà kò ní tó ṣí fáàfù. Ẹ ka ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Bí gáàsì kò bá tíì ràn, ẹ pa á. A fi mítà wọ̀n ọ́n: 2.6 ámpù. Lára fáàfù, 3.3 sí 3.6 ni wọ́n kọ. Ọjọ́ kejì a wá ìgináítà lọ sí Alábà, owó rẹ̀ kò sì tó ti bọ́ọ̀dù rárá.

Bọ́ọ̀dù pàápàá máa ń bàjẹ́, a ò purọ́. Aáyán fẹ́ràn ibi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, inú rẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Bí ẹ bá máa pààrọ̀ rẹ̀, kí oníṣẹ́ yọ pílọ́ọ̀gì, kí ó ti gáàsì, kí ó sì fi fóònù ya àwòrán wáyà kí ó tó tú u. Kí nọ́ńbà ara tuntun bá ti àtijọ́ mu.

Nígbà tí ófùn ràn, iná rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ó gùn, kò rí bí àwọ̀ aró bí ó ṣe yẹ. A padà sí irin pẹlẹbẹ náà: NAT. Gáàsì tí ń gba ọ̀pá abẹ́ ilẹ̀ wọ ilé wọn ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Ti inú sílíńdà wa, LP ni wọ́n ń kọ fún un. Ó lágbára ju ti ọ̀pá lọ, nítorí náà ihò kúkà náà tóbi jù fún un. Irú iná bẹ́ẹ̀ ń kun ìdí ìkòkò, ó sì lè mú èéfín tí kò ní òórùn jáde, èyí tí ó ń pa ènìyàn lójú oorun. A pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A pààrọ̀ gbogbo ojú ihò rẹ̀ sí ti LP, a sì yí régúlétọ̀ kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ sí LP. Ẹ má dán èyí wò fúnra yín.

Lẹ́yìn náà a fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé rọ́bà gáàsì, a ń wò bóyá ó máa hó. Ẹ má fi ìṣáná wá gáàsì láé! Gáàsì sílíńdà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni ó ń sùn sí. Bí ẹ bá gbóòórùn rẹ̀, ẹ ti sílíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ má tan iná, ẹ má pa iná.

Kérésìmesì ku ọjọ́ mẹ́fà nígbà tí kéèkì àkọ́kọ́ jáde. Etí rẹ̀ kan jó díẹ̀. Aago kúkà ni ìyá gbàgbé tí wọ́n ń wò.