Abẹ Àná, Ọmọ Kékeré Òní

  Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ní Borno, ọ̀rọ̀ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ kan obìnrin tó ti fi iṣẹ́ abẹ bímọ rí, tó tún lóyún, tí wọ́n sì sọ fún un pé ọmọ inú rẹ̀ kéré. Ṣé kí ó bí i fúnra rẹ̀ ni, àbí kí wọ́n tún ṣiṣẹ́ abẹ?

Mi ò ní pẹ́ lórí àlàyé, torí ọ̀pọ̀ yín ló ti mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí kò bá tó kílò 2.5 nígbà tí wọ́n bí i là ń pè ní kékeré. Ó lè jẹ́ pé oṣù rẹ̀ ni kò pé. Ó sì lè jẹ́ pé oṣù pé, ṣùgbọ́n ọmọ kò rí oúnjẹ tó nínú. Ilé ọmọ nípọn lókè, òkè yìí ló máa ń sún kì bí obìnrin bá ń rọbí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ńṣe ló máa ń nà. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Abẹ lẹ́ẹ̀kan, abẹ títí?

Láti ìgbà tí mo ti wà nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni mo ti ń bá àwọn kan jiyàn lórí gbólóhùn yìí, mi ò sì tíì jáwọ́. Wọ́n ní obìnrin tí abẹ bá ti kàn lẹ́ẹ̀kan, abẹ ni yóò máa fi bímọ títí ayé. Edwin Cragin, dókítà kan ní New York, ló sọ ọ́ ní 1916. Àwọn tó ń tọ́ka sí i kì í sábà ka ohun tó kọ tán. Cragin ń kìlọ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni, pé kí wọ́n má fi ìkánjú ṣe abẹ àkọ́kọ́, torí ohun tó máa ń tẹ̀ lé e. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ náà kò bá mu, ó sì mẹ́nu kan obìnrin tó bímọ mẹ́ta lójú ara lẹ́yìn abẹ. Ìkìlọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sọ di òfin.

Nígbà ayé Cragin, òkè ilé ọmọ, níbi tó nípọn, ni wọ́n máa ń là, lóròó. Bí aṣọ bá ya níbi tó ti máa ń fà jù, kò sí òwú tí yóò mú ojú rírán náà le bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1920, Munro Kerr, dókítà kan ní Glasgow, tẹnu mọ́ ọn pé ìsàlẹ̀ ni kí a máa là, lágbùúbú. Èyí ló yí ọ̀rọ̀ padà. Àwọn dókítà aboyún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣírò rẹ̀ pé bí abẹ bá gba ìsàlẹ̀, obìnrin 72 sí 75 nínú 100 tó gbìyànjú ló ń bí ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ti bímọ lójú ara rí, 85 sí 90 ni. Ilé ọmọ ń ya lára nǹkan bí ẹnì kan nínú 200. Bó bá jẹ́ òkè ni abẹ gbà, yíya náà lè tó 2 sí 9 nínú 100, a kì í sì í jẹ́ kí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ rọbí rárá.

Àwọn tí mò ń bá jiyàn á ní, “Amẹ́ríkà ńkọ́?” Ní 1996, nǹkan bí 28 nínú 100 obìnrin tó ti ṣe abẹ rí ló ń bímọ fúnra wọn níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2004, ó ti já sí nǹkan bí 9. Ẹ̀rù ẹjọ́ kún un, ìlànà 1999 ti àwọn dókítà aboyún ibẹ̀ tó ní kí dókítà tó lè ṣiṣẹ́ abẹ wà nítòsí lójú ẹsẹ̀ náà kún un. Àwa kọ́ ni wọ́n ń rò nígbà tí wọ́n ń ṣe ìyẹn. Ìwádìí ìjọba Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nǹkan bí ọmọ 3 nínú 100 ni wọ́n fi abẹ bí nílẹ̀ yìí, àti pé obìnrin ìhà Àríwá Ìlà-oòrùn ń bí tó ọmọ mẹ́fà. Ẹni tó bá ní kí obìnrin ọlọ́mọ mẹ́fà fi abẹ bí gbogbo wọn, kí ó rántí olóbì, ìyẹn ibi ọmọ. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2006 sọ ọ́: bí olóbì bá sùn sí ẹnu ilé ọmọ, ó ń lẹ̀ mọ́ ara ilé ọmọ ní 11 nínú 100 nígbà abẹ kejì, 40 nígbà abẹ kẹta, 61 nígbà abẹ kẹrin. Ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ń pa ènìyàn. Obìnrin tí wọ́n bá sì dẹ́rù abẹ bà kì í padà wá sílé ìwòsàn. Ilé ni yóò jókòó sí ní Gwoza tàbí Monguno ní Borno yìí, pẹ̀lú ojú abẹ nínú rẹ̀, tí yóò máa rọbí lóru, tí ọ̀nà kò sì ṣeé gbà.

Ìwé inú ọ̀rá

Àwọn tó wà lódìkejì náà ń dùn mí. “Ọmọ kékeré ni, á yọ wẹ́rẹ́.” Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ dákun, ẹ dín in kù. Òótọ́ wà nínú rẹ̀: ọmọ tí kò sanra jù ń rọ ìbí lọ́rùn, ilé ọmọ kì í sì í sábà ya bí oṣù kò bá tíì pé. Ṣùgbọ́n ìtóbi ọmọ kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ béèrè.

Nígbà tí mo jẹ́ dókítà kékeré ní Maiduguri yìí, obìnrin ẹlẹ́ja Baga kan wá rọbí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí síbí. Bàbá rẹ̀ bá reluwé dé nígbà tí ojú irin wọ Maiduguri ní 1964. Wọ́n ti fi abẹ gbé àkọ́bí rẹ̀ ní oṣù keje oyún ní ìlú mìíràn, torí ẹ̀jẹ̀ ríru. Àpá ara rẹ̀ wà lágbùúbú nísàlẹ̀ ikùn, ó jinná dáadáa. Ọmọ tó wà nínú rẹ̀ báyìí kéré. Àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ti ń palẹ̀ mọ́ kí ó bí i fúnra rẹ̀. Agbẹ̀bí àgbà kan, Kanuri ni, kò gbà. Ó béèrè ìwé. Obìnrin náà ní ó wà nínú ọ̀rá nílé, pẹ̀lú fọ́tò ìgbéyàwó. Ọkọ rẹ̀ sáré lọ mú un wá. Ohun tí dókítà ìlú yẹn kọ ni pé òkè ilé ọmọ lòun là, lóròó.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ní oṣù keje, ìsàlẹ̀ ilé ọmọ lè má tíì nà tó, nígbà mìíràn kò sí bí dókítà ṣe lè gba ibẹ̀. Nítorí náà, abẹ tí wọ́n ṣe nítorí ọmọ tó kéré gan-an lè jẹ́ èyí tó fi ojú abẹ tó léwu jù sílẹ̀. Àpá ara kò lè sọ èyí fún ẹnikẹ́ni, torí awọ lè wà lágbùúbú kí ilé ọmọ wà lóròó. Nígbà tí a gbé e wọ tíátà, ojú abẹ àtijọ́ ti fẹ́lẹ́ débi pé a rí irun ọmọ gba inú rẹ̀. Ìyá yè, ọmọ yè. Ìwé yẹn ló gbà wọ́n là, àti obìnrin tó béèrè rẹ̀.

Ẹ̀yin dókítà tí ẹ ń kọ “abẹ ti ṣe” lásán sí káàdì, iṣẹ́ yín kò pé. Ẹ kọ ibi tí abẹ gbà, kí ẹ sọ ọ́ fún obìnrin náà ní èdè tó gbọ́. Ẹ̀yin ọkọ, nígbà tí dámù Alau ya ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án 2024 tí omi bo Maiduguri, ó gbé ìwé ọ̀pọ̀ ilé lọ. Ẹ ya fọ́tò ìwé abẹ ìyàwó yín sórí fóònù, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹbí tó wà ní ìlú mìíràn.

Kí ló dé tí ọmọ kéré?

Ibà, àìtó ẹ̀jẹ̀, ebi, ẹ̀jẹ̀ ríru: ìwọ̀nyí ló ń mú un kéré níhìn-ín. Bí ilé ọmọ bá ti sún kì, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí olóbì máa ń dín kù. Ọmọ tó jẹun kánú á rọ́jú. Èyí tí ebi ti ń pa fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kò ní agbára bẹ́ẹ̀, ìlù ọkàn rẹ̀ á sì rẹlẹ̀. Ìlù ọkàn tó rẹlẹ̀ yìí náà ni àmì tó sábà máa ń kọ́kọ́ hàn bí ojú abẹ bá ń ya. Ẹ má dúró wádìí èwo ni. Tíátà ni ọ̀nà àwọn méjèèjì. Nítorí náà, níbi tí kò bá sí tíátà, ẹ̀jẹ̀ àti ẹni tí yóò máa gbọ́ ìlù ọkàn ọmọ, kí obìnrin tó ní ojú abẹ má rọbí níbẹ̀.

Oògùn ìrọbí

 Misoprostol tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì láti fi mú ìrọbí yá, kí ẹni tó ní ojú abẹ má fi kàn án, torí ó ń mú ilé ọmọ ya.

Lẹ́yìn ìbí

Ọmọ kékeré tó ń mí dáadáa, àyà ìyá rẹ̀ ni kí ó wà, ara kan ara, kí fìlà wà lórí rẹ̀, kí ọyàn sì tètè kan ẹnu. Kí ó kéré jù, ọdún kan ààbọ̀ ni kí ó wà láàárín ìbí yìí àti oyún tó ń bọ̀. Èyí tó kù, ẹ jẹ́ ká fi í sí ìbéèrè. Àwọn agbẹ̀bí ni kí ẹ kọ́kọ́ fún ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn.